Igi Tútù Lábẹ́ Ọ̀dà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ sí ní kí a má ṣe yí orúkọ òun padà. Ó ní gbogbo abúlé òun ló ti mọ̀, bí a bá sì fún òun ní orúkọ mìíràn, ńṣe ni wọ́n á fi kún un pé òun tún sá. Nítorí náà, Ambrus ni orúkọ rẹ̀. Káfíńtà ni, ará Bodrád nílẹ̀ Hungary. Ohun tó ṣe ni pé ó ta àgbá kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Òun ló sì ni wọ́n.

Ẹ má tíì sọ pé kò burú.

Lẹ́yìn ogun ńlá, ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjòyè tó ni Bodrád, wọ́n kó ẹrù ààfin rẹ̀ síta, wọ́n ní kí àwọn tálákà wá mú ìbò nínú fìlà. Ẹnì kan mú màlúù. Ẹnì kan mú ẹṣin méjì. Lőrinc, bàbá Ambrus, mú kẹ̀kẹ́ ẹṣin: kẹ̀kẹ́ gíga, onílẹ̀kùn méjì, aláró, tí ìjòyè fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó mú ẹṣin kọ̀, kò yá a ní ẹṣin. Bí Lőrinc ṣe di ọlọ́lá tó ń fẹsẹ̀ rìn nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ọmọ-ẹ̀yìn ìjòyè, ó wá ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù nígbà tó ń kun géètì, ó fi kùn ún. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájọṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n ń fi gbé alága wọn yí ká abúlé lọ́jọ́ àjọ̀dún òṣìṣẹ́. Nígbà tí alága sanra ju ìlẹ̀kùn lọ, wọ́n dá a padà. Àwọn adìẹ ló gba inú rẹ̀ lẹ́yìn alága, wọn ò sì yọ ọ́ lẹ́nu tó alága.

Lőrinc bí ọkùnrin méjì, Kelemen àti àbúrò rẹ̀ Ambrus. Àwọn méjèèjì ò fohùn ṣọ̀kan rí lórí ohunkóhun, àfi pé ọbẹ̀ ìyá wọn níyọ̀ jù. Nígbà tí bàbá wọn ń kú lọ, ó pe àlùfáà kó wá jẹ́rìí.

"Kelemen ló ni àpótí kẹ̀kẹ́ náà, ibi tí èèyàn ń jókòó sí," ó ní. "Ambrus ló ni àgbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti irin tó so wọ́n pọ̀. Kí n wá wo bí ẹ ṣe máa dé ibì kankan láìbá ara yín sọ̀rọ̀."

Ó sọ ọ́ tán, ó kú, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tó jàre.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, kẹ̀kẹ́ ò lọ síbì kankan. Àfìgbà tí Kelemen fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ó gbé àpótí tirẹ̀ sínú àgbàlá, ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà. Ó ha pupa, ó kan ewé. Ó ha ewé, ó kan aró. Lára aró yẹn ló ti rí ilà wúrà tó tín-ín-rín bí irun orí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Etelka ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé nígbà tí òun wọlé ọkọ, wọn ò sọ fún òun pé orogún wà nílẹ̀, pé abẹ́ adìẹ ni wọ́n fi í pamọ́ sí.

Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é. Ó kó irun ẹṣin sínú ìjókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán awọ, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ wúrà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ère ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ó ní kí Ambrus náà máa tún àgbá ṣe ní tirẹ̀.

Àgbá wà nínú abà Ambrus.

Ambrus ò ní ọkọ̀. Básíkù ló ń gùn. Bó bá ti wọ ilé ọtí, Ignác á dìde, á ṣí fìlà. Ignác yìí ni ọmọ ẹni tó mú ẹṣin nínú ìbò ọjọ́sí, òun náà sì ń sin ẹṣin títí dòní.

"Ọlọ́lá Alágbàá-Mẹ́rin ti dé o," á ní. "Ẹ fún wọn láyè, wọ́n fẹ́ fi básíkù wọn ti ògiri."

Ilé ọtí á rẹ́rìn-ín. Ambrus náà á bá wọn rín in, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́.

Nílé, orókún Piroska ìyàwó rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìlú tí dókítà wà jìn, bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ kì í dúró pẹ́ tó kí obìnrin olórókún dídùn gòkè. Nígbà méjì ni bọ́ọ̀sì ti fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Reindl dé láti Vienna. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ra kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtijọ́, kó tún un ṣe, kó tà á. Ó wo àpótí Kelemen, ó yìn ín títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Ó dé abà Ambrus, ó wo àgbá, kò sọ nǹkan kan. Ambrus ti bá oníbàárà ṣòwò pẹ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń yin ọjà ti fẹ́ máa lọ, ẹni tó dákẹ́ ló fẹ́ rà.

Reindl ní kẹ̀kẹ́ kan wà lọ́wọ́ òun tí ọwọ́ kan náà ṣe, kòkòrò sì ti jẹ àgbá rẹ̀. Kò dárúkọ owó. Ó kàn nawọ́ sí ọkọ̀ tó gbé e wá, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan báyìí, tó mọ́ tónítóní, tí ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀, tí kò fẹ́ kí èèyàn gòkè kankan. Ó ní àgbá mẹ́rin fún àgbá mẹ́rin, òun ò rí ìrẹ́jẹ níbẹ̀.

Ambrus ní ẹ̀gbọ́n òun ò ní í gbà.

"Àgbá yìí, ti ta ni?" Reindl bi í.

"Tèmi ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín wá ń ṣe kí ni nínú ọ̀rọ̀ wa?" Ó tún wo pákó àti ayùn tó kún abà náà. "Ẹ̀yin náà kúkú ni káfíńtà. Ta ló ń ha ọ̀dà àgbá wò?"

Ambrus kọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ó kọ̀. Ó kọ̀ gidigidi, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ tí Kelemen lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Orsolya, ní ìlú Győr, Reindl wá pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù, ó kó àgbá lọ. Ambrus sọ fún abúlé pé iṣẹ́ igi kan ni òun ṣe fún ará Vienna, ọkọ̀ ni wọ́n fi san owó rẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dáa. Piroska jókòó sínú ọkọ̀ náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún díẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan. Ẹni tí orókún ń dùn kì í bi ìjókòó léèrè ibi tó ti wá.

Ó wá ku kí Ambrus gbẹ́ àgbá tuntun.

Ní Bodrád, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà mọ̀ pé igi àgbá gbọ́dọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé fún ọdún púpọ̀, títí yóò fi gbàgbé pé òun jẹ́ igi rí. Irú igi bẹ́ẹ̀ wà nílé àwọn agbẹ́gi àgbàlagbà abúlé. Ṣùgbọ́n bí o bá tọrọ ọ̀kan, wọ́n á bi ọ́ kí lo fẹ́ fi ṣe. Bí o bá ní àgbá ni, wọ́n á ní, "Ìwọ tó o ní àgbá mẹ́rin?"

Ambrus lọ sí etí odò, ó gé igi kan tí ẹyẹ ṣì ń gbé lórí rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ náà dáadáa. A ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dù ú. Ó ṣí òrùka irin lára ọmọlanke àtijọ́, ó fi iná rọ ọ́, ó fi dè wọ́n. Ó kùn wọ́n ní aró, ó fa ilà wúrà sí wọn. Nígbà tí Kelemen rí wọn, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní èéfín ń wọ òun lójú. Kò sí iná nítòsí.

"Àbúrò," ó ní, "bí Bàbá bá rí èyí."

Ambrus ní ọ̀dà náà ló dáa.

Ètò rẹ̀ rọrùn. Kẹ̀kẹ́ á dúró nínú àgbàlá kí àwọn èèyàn máa wò ó. Òun á fi igi gbígbẹ pamọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, òun á pààrọ̀ àgbá láìsí ẹni tó mọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó dúró kì í pa èèyàn.

Orsolya bá lóyún. Oyún kì í dúró de igi kó gbẹ.

Kelemen ní ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí, kẹ̀kẹ́ yẹn ló máa gbé e lọ bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbéyàwó, lẹ́yìn ìkórè, kí ikùn tó yọ. Òun fúnra òun ló máa wà á. Ignác ní òun á yá wọn ní ẹṣin méjì, kí wọ́n lè dẹ́kun bíbú bàbá òun nínú sàréè.

Ọdún náà, òjò kọ̀, kò rọ̀. Àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Àgbá Ambrus náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, igi rẹ̀ ń súnkì, òrùka irin ń tóbi jù ú bí ẹ̀wù alágbe. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán kẹ̀kẹ́ wò, kò tíì dé ìdí kànga tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í han.

"Ambrus, kí ló ń ṣe wọ́n?" Kelemen bi í.

"Òùngbẹ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yìí dùn ni pé òótọ́ ni. Láyé àwọn baba wọn, bí ọ̀dá bá dé, gbogbo Bodrád ló ń yí àgbá ọmọlanke wọn lọ sínú adágún, kí igi lè mumi, kó wú, kó kún inú irin rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà jáde wá wo Ambrus bó ṣe ń yí àgbá aláró sínú omi. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ó ṣì ku ẹnì kan tó mọ ìṣe àtijọ́. Kelemen ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó pàdé pé àbúrò òun ń tọ́jú àgbá bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Igi gbígbẹ á mumi lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Igi tútù ò yó. Bí Ambrus bá ti kó wọn jáde lónìí, lọ́túnla wọ́n ti tún ń pariwo. Ó ń padà lọ sí adágún ṣáá.

"Àgbá ọgọ́rùn-ún ọdún ń mu tó báyìí?" Ignác bi í lọ́jọ́ kan, ó dúró sí etí omi. "Ọ̀mùtí àtijọ́ ni mí, èmi náà máa ń yó."

Ambrus rẹ́rìn-ín. Ó ti àgbá tó kàn wọ omi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, adágún náà gbẹ, ó ku ẹrẹ̀. Ambrus wọ abà, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ ẹ̀là igi pẹlẹbẹ, ó ń gbá wọn wọ ibi tó bá ti ṣí, ó ń kun ọ̀dà lé e lórí. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ọwọ́ mi àgbá ọ̀tún iwájú. Kò mì. Ó tún un mì. Ó mì díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, Kelemen wá bá a, ó mú ìgò pálinka, ọtí líle ilẹ̀ wọn, lọ́wọ́. Wọ́n jókòó lórí pákó. Kelemen kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn, nítorí náà ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní òun rò ó pé kí àwọn méjèèjì kó ìpín wọn fún Orsolya lọ́la, àpótí àti àgbá, kí kẹ̀kẹ́ náà lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn Bàbá. Ó ní láti ọdún tí àwọn ti jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ti wá rí i pé òun ní àbúrò.

Ambrus la ẹnu. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n òun. Bó bá sọ ọ́, ó pàdánù ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Bí kò bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé kò ní í sí nǹkan kan. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ò kúkú jìn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ mi gbé ọmọ yìí lọ. Ooru ń mú. Ó lóyún."

Kelemen rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọdún mẹ́fà ni Etelka fi fara dà á fún mi. Kí n wá lọ sọ fún un pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló máa gbé ọmọ ẹ̀? Dà á sí kọ́ọ̀bù, jàre."

Ambrus dà á sí kọ́ọ̀bù. Wọ́n mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo Bodrád ló tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kelemen jókòó sókè níwájú, ìjánu lọ́wọ́, fìlà rélùwéè lórí, nítorí kò gba fìlà mìíràn gbọ́. Orsolya àti Etelka wà nínú. Ambrus àti Piroska ti fi ọkọ̀ ṣáájú, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìsàlẹ̀ òkè.

Ambrus gbọ́ ọ kó tó rí i. Ó ní ó dún bí ìgbà tí ajá ń rún egungun.

Òrùka irin àgbá ọ̀tún iwájú ló kọ́kọ́ já bọ́. Ó yí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní òun nìkan, ó kọjá níwájú àwọn èèyàn, ó kọjá lára Ambrus, ó kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣubú. Òun ló kọ́kọ́ dé ibi ìgbéyàwó. Lẹ́yìn rẹ̀, àgbá náà ṣí bí òdòdó. Kẹ̀kẹ́ dojú bolẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹṣin wọ́ ọ díẹ̀, Kelemen sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fa Orsolya jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn òkè, apá rẹ̀ ti bó. Etelka jáde láìní bàtà kan. Àwọn ọkùnrin gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí Kelemen. Èèyàn kan wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó yáa bọ́ kóòtù rẹ̀ bò wọ́n.

Ignác tú àwọn ẹṣin rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú ọ̀pá inú àgbá tó ṣẹ́. Lábẹ́ aró àti ilà wúrà, igi náà funfun bí eyín ọmọdé. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, omi yọ.

"Igi yìí ò tíì gbẹ," ó ní.

Ó yí ojú sí Ambrus.

"Ambrus. Igi yìí ò tíì gbẹ."

Àwọn èèyàn wo Ambrus. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wo ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn tẹ̀ lé ojú rẹ̀, títí gbogbo wọn fi ń wo ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Piroska, tó jókòó sínú rẹ̀ nítorí orókún rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tiro lọ sí òdìkejì ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀.

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ní láti ìlú ni òun ti ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò ní í dúró dè é. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nítòsí tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ láìgòkè.

Ambrus ló wà á. Kelemen dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan Etelka. Ọ̀nà gùn, ó sì tẹ́jú.

"Níbo ni wọ́n wà?" Kelemen bèèrè.

"Vienna."

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀gbọ́n."

Kelemen dákẹ́. Ambrus rò pé ó ti dákú. Ó gbé ojú sí dígí, ó rí i pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òrùlé ọkọ̀.

"Ọkọ̀ yìí ń lọ dáadáa," Kelemen ní.

Ambrus fẹ́ yí orí padà.

"Máa wo iwájú," Etelka sọ fún un.

Dókítà gé ẹsẹ̀ kan, ó ní òun á dá èkejì sí. Nígbà tó yá, ó gé èkejì náà. Nígbà tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ arọ wá, Kelemen tẹjú mọ́ àgbá rẹ̀, ó bi nọ́ọ̀sì bóyá irin ni. Nọ́ọ̀sì ní irin ni. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́pàá wá bi Kelemen léèrè ohun tó fà á. Ó ní ọ̀dá ni, pé àgbá máa ń gbẹ lọ́dún ọ̀dá. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí Ambrus gbọ́ èyí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó rò pé ìdáríjì nìyẹn. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí Vienna, ó bẹ Reindl pé kó gba ọkọ̀ rẹ̀, kó dá àgbá padà. Reindl ní òun ti tà wọ́n pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tòun, wọ́n ti kọjá òkun. Ó bi í tọkàntọkàn bóyá ẹ̀ńjìnnì ló ń dà á láàmú.

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń lọ sílé Kelemen. Etelka á pàdé rẹ̀ ní géètì, á kí i dáadáa, á ní ọkọ òun ń sùn. Ambrus á máa gbọ́ ohùn ẹni tó ń sùn náà láti inú ilé, tó ń ka ìwé ìròyìn sókè fún Orsolya. Wọ́n bí ọmọ náà nígbà òtútù, obìnrin ni. Ẹnu àwọn ará ilé ọtí ni Ambrus ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ignác ò ṣí fìlà fún un mọ́. Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ó sì ní ìyẹn gan-an ló ń dun òun jù.

Ó ní kí a kọ ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ sílẹ̀ fún yín, nítorí ìwé yìí ò gba ìtàn tí kò lẹ́kọ̀ọ́: kí èèyàn tó ta ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kó gbójú sókè wo ẹni tó jókòó lé e lórí. A ti kọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí yìnyín ń yọ́, Ignác àti ọkùnrin mélòó kan fi katakata fa àpótí kẹ̀kẹ́ náà wá sí àgbàlá Ambrus. Wọ́n ti tún ìlẹ̀kùn tó fọ́ ṣe. Fìtílà méjèèjì wà lára rẹ̀, aró ń dán, ilà wúrà ò sì já níbì kankan. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ilé, débi pé ilẹ̀kùn ò lè ṣí tán mọ́.

"Kelemen ní tìẹ ni gbogbo ẹ̀," Ignác sọ fún un. "Ó ní ogún ti pín tán."

Ambrus bi í bóyá ó tún sọ nǹkan mìíràn.

"Rárá," Ignác ní. Ó gun katakata, ó tún rántí. "Ó ní ká rọra gbé e, ká má ha ọ̀dà ẹ̀."